Ìmọ́lẹ̀ Ẹ̀yìn Igi Mẹ́ta

Lọ́dún 1643, ní ìlú Amsterdam, ayàwòrán Rembrandt fín àwòrán kan sára awo bàbà. Igi mẹ́ta dúró lórí òkè kékeré lápá ọ̀tún, ìjì ń rọ́ kọjá lápá òsì, pápá sì tẹ́ lọ títí dé ìlú tó wà lókèèrè. Kò sí áńgẹ́lì níbẹ̀, kò sí àgbélébùú. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló kà á sí àwòrán ẹ̀sìn: wọ́n ní igi mẹ́ta náà dúró fún àgbélébùú mẹ́ta orí òkè Kálfárì. Èmi náà gbà pé ohun ẹ̀mí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n iye igi kò tó ẹ̀rí, torí ibi gbogbo ni igi mẹ́ta ti lè hù. Ìmọ́lẹ̀ ló yẹ ká wò.

Láti fín irú àwòrán yìí, ayàwòrán yóò fi ìda bo awo bàbà, yóò fi abẹ́rẹ́ ha á, yóò sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ojú ibi tó ha. Yóò wá pa tàdáwà sí i, yóò nù ún. Èyí tó bá kù sínú ìlà ni ẹ̀rọ yóò tẹ̀ sórí bébà. Nípa bẹ́ẹ̀, òkùnkùn nìkan ni ọwọ́ ènìyàn ń ṣe. Ìmọ́lẹ̀ ni bébà tí tàdáwà kò dé. Rembrandt fi ìlà gbọọrọ gbọọrọ fa ìjì, ó mú kí ewé igi dúdú kirimu, àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má fọwọ́ kan ojú ọ̀run ẹ̀yìn igi. Ibi tó mọ́lẹ̀ jù lọ ni iṣẹ́ rẹ̀ kéré sí jù lọ. Èyí bá ẹ̀kọ́ ìgbà náà mu: Ìjọ Kálfínì tó gbilẹ̀ ní Holland nígbà náà ń kọ́ni pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni oore-ọ̀fẹ́, pé iṣẹ́ ọwọ́ ẹni kò lè rà á.

Àwọn kan yóò ní ojú ọjọ́ lásán ni, pé bí òjò ṣe ń dá nílẹ̀ Holland nìyẹn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ fi í wé iṣẹ́ Rembrandt ti ọdún 1634, níbi tí áńgẹ́lì ti yọ sí àwọn olùṣọ́ àgùntàn lóru: ìmọ́lẹ̀ là gbàrà, ènìyàn àti ẹran sì ń sá kíjokíjo. Nínú ti 1643, kò sẹ́ni tó bìkítà. Apẹja tẹjú mọ́ omi, olólùfẹ́ méjì fara pamọ́ sínú igbó, ayàwòrán tó jókòó lórí òkè kọjú síbòmíràn. Ìmọ́lẹ̀ náà kò yà kúrò lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí Rembrandt sì wá fín ikú Jésù fúnra rẹ̀ ní 1653, bébà tí kò kùn náà ló tún fi ṣe ìmọ́lẹ̀ tó ń tòkè bọ̀ sórí àgbélébùú.