Ẹyẹ Kékeré Nínú Ihò Èédú àti Nínú Ogun

Nígbà tí a bá ń ka ìtàn Ogun Ńlá ti 1914 sí 1918, orúkọ àwọn ọ̀gágun ni a sábà máa ń bá pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà lójú ogun náà tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ogun ń bẹ: ẹyẹ kánárì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ológoṣẹ́ lọ, àti èkúté. Iṣẹ́ wọn ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa.

Ọ̀dọ̀ àwọn awakùsà èédú ní ilẹ̀ Bìrìtìkó ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ihò èédú bá bú gbàmù, afẹ́fẹ́ olóró kan a máa ṣẹ́kù sínú rẹ̀ tí kò ní àwọ̀, tí kò sì ní òórùn. Bí ènìyàn bá fà á símú, a dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ náà gbé afẹ́fẹ́ rere káàkiri ara mọ́. Kí olúwarẹ̀ tó mọ̀ pé ewu dé, orúnkún rẹ̀ ti yẹ̀. Ní 1896, ihò èédú Tylorstown ní ilẹ̀ Wales bú, ènìyàn 57 sì kú. Ọ̀mọ̀wé John Scott Haldane wádìí ọ̀ràn náà, ó sì rí i pé afẹ́fẹ́ yìí ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, kì í ṣe iná. Òun ni ó dámọ̀ràn pé kí àwọn awakùsà máa mú ẹ̀dá kékeré lọ́wọ́ wọ ihò.

Èéṣe tí ó fi jẹ́ ẹyẹ? Nítorí pé ẹyẹ ń mí kíákíá ju ènìyàn lọ, oró náà a tètè mú un. Bí ó bá ṣubú láti orí igi tí ó bà lé nínú àgò, àwọn tí ó gbé e lọ́wọ́ ṣì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti sá jáde.

Ní 1915, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn awalẹ̀ jọ di ẹgbẹ́ ọmọ-ogun. Àwọn kan nínú wọn a fẹ̀yìn ti pákó, wọn a sì fi ẹsẹ̀ ti ọkọ́ wọ inú amọ̀, kí ọ̀tá má baà gbọ́ ìró wọn. Àwọn ará Jámánì náà ń wa ihò tiwọn. Bí ẹ̀tù bá bú lábẹ́ ilẹ̀, oró náà a kún inú ihò, kánárì ni yóò sì fi hàn bí ó bá léwu láti wọ ibẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Júnì 1917, ẹ̀tù tí wọ́n rì sí ibi 19 bú lábẹ́ òkè Messines ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù.

Àwọn tí wọ́n bá ẹyẹ wọ̀nyí ṣiṣẹ́ kò gbàgbé wọn. A gbẹ́ àwòrán kánárì àti èkúté sára òkúta ní ilé ìrántí ogun ti àwọn ará Scotland ní Edinburgh, tí a ṣí ní 1927. Àwọn awakùsà mìíràn tilẹ̀ ní àgò tí a so ìgò afẹ́fẹ́ rere mọ́, kí wọ́n lè mú ẹyẹ tí ó dákú sọjí. Ní 1986 ni ìjọba Bìrìtìkó pinnu láti fi ẹ̀rọ rọ́pò wọn.

Àwọn bàbá wa wí pé ẹni tí yóò fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ, kí ó kọ́kọ́ fi í gún ara rẹ̀ wò. A kò dá àwọn awakùsà lẹ́bi, nítorí ẹ̀mí wọn àti ti ẹyẹ náà jọ wà nínú ihò kan náà ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá dúró níwájú àwọn ọmọ láti kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ nípa afẹ́fẹ́, ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn pẹ̀lú pé ẹ̀dá kan tí a kò bi léèrè ni ó san owó ìmọ̀ náà.