Kọ̀ǹpútà Olówó Ńlá, Síbẹ̀ Àwòrán Ilé Ń Wọ́: Kí Ló Fà Á?

Ní oṣù Keje ọdún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé bíi 25 ní Ìlú Ọba para pọ̀ kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Andrew Anagnost, ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà Autodesk ní Amẹ́ríkà. Kì í ṣe àwọn tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn: Zaha Hadid Architects wà lára wọn, Grimshaw náà wà níbẹ̀. Ẹ̀sùn wọn ni pé owó tí àwọn ń san lórí Revit, sọ́fítíwíà tí àwọn fi ń ya ilé, ń gòkè ṣáá, àmọ́ sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ kò kúrò lójú kan. Ohun tó yẹ kó mú iṣẹ́ yá ti wá di ohun tó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn.

Leonid Raiz àti Irwin Jungreis ló dá ilé-iṣẹ́ tó ṣe Revit sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Massachusetts lọ́dún 1997. Autodesk rà á lọ́dún 2002 ní mílíọ̀nù 133 dọ́là. Òun ni ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé Gensler lò fún Shanghai Tower, ilé gogoro tó ga ní mítà 632 ní Ṣáínà. Àwọn ayàwòrán-ilé ní Èkó àti Ìbàdàn náà ń lò ó, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ti tẹ bọ́tìnì kan rí, tí wọ́n dìde lọ mu omi, tí wọ́n padà wá bá òbìrìkìtì kékeré yẹn tó ṣì ń yí lójú kọ̀ǹpútà.

Kí ló ń ṣe é gan-an? Ilé tí a yà sórí bébà, ìlà lásán ni. Nínú módẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ilé tí a fi Revit yà sínú kọ̀ǹpútà, ògiri mọ̀ pé ògiri ni òun. Ó mọ ilẹ̀kùn tó wà lára òun, ó mọ yàrá tó wà lọ́tùn-ún lósì, ó mọ àjà tí orí òun kàn. Bí ẹ bá sún ògiri náà ní ẹsẹ̀ bàtà méjì péré, ilẹ̀kùn á tẹ̀ lé e, ìwọ̀n yàrá méjèèjì á yí padà, iye búlọ́ọ̀kù tó wà nínú tábìlì ìṣirò á yí padà, gbogbo ojú-ewé tí ògiri yẹn ti hàn á sì tún ara wọn yà. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń san owó fún Revit. Ibẹ̀ náà ni wàhálà ti ń wá, torí kọ̀ǹpútà kò lè ṣírò ìwọ̀n yàrá kó tó mọ ibi tí ògiri dúró sí, kò sì lè gbé ilẹ̀kùn sáyè rẹ̀ kí ògiri tó dúró. Ìṣirò kan ń dúró de èkejì.

Ọpọlọ kọ̀ǹpútà òde òní lè ní kọ́ọ̀ 8, 16, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kálukú wọn lè máa ṣe ìṣirò tirẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí èèyàn mẹ́wàá bá dúró ti ìkòkò àmàlà kan, omi gbọ́dọ̀ hó kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ dà á kí wọ́n tó rò ó. Mẹ́sàn-án nínú wọn ń wòran ni. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà ará Amẹ́ríkà kan, Gene Amdahl, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti ọdún 1967: bí ìdajì iṣẹ́ kan kò bá ṣeé pín, bí ẹ kó ẹgbẹ̀rún kọ́ọ̀ jọ, iṣẹ́ náà kò ní yá ju ìlọ́po méjì lọ. Autodesk ti pín àwọn iṣẹ́ kan nínú Revit fún kọ́ọ̀ púpọ̀ lóòótọ́, àmọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àtúnṣe ojoojúmọ́ ṣì wà lọ́rùn kọ́ọ̀ kan ṣoṣo.

Ìgbà kan wà tí èyí kò jẹ́ ìṣòro, torí gbogbo ọpọlọ kọ̀ǹpútà tuntun ló ń yára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́dún 2004, Pentium 4, ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ilé-iṣẹ́ Intel, dé ìyára gígáháàsì 3.8, ooru sì dá wọn dúró. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà ti ń fi kọ́ọ̀ kún kọ́ọ̀. Revit ti dáyé kí ìyípadà yìí tó dé. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà tí wọ́n kó kọ́ọ̀ rẹpẹtẹ sínú rẹ̀, tí kọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ń rọra rìn, fi lè pa owó yín run lásán, tí èyí tí àwọn ọmọ fi ń gbá géèmù á sì ṣí módẹ́ẹ̀lì kan náà kíákíá. Ẹni tó bá ń ṣe àwòrán aláràbarà tó jọ fọ́tò nìkan ni kọ́ọ̀ púpọ̀ máa ń gbè dáadáa.

Mẹ́mọ́rì náà ní ìwọ̀n. Ìlànà tí Autodesk fi síta fún ọdún mélòó kan ni pé gígábáìtì 8 tó fún fáìlì tó wúwo tó mẹ́gábáìtì 100, kí 16 gbé 300, kí 32 sì gbé 700.

Àmọ́ lójú tèmi, ẹ̀bi kọ̀ǹpútà kò tó ẹ̀bi ohun tí a kó sínú fáìlì. Ẹnìkan á lọ wa àwòrán àga kan jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ní mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó ń ta àga náà ya gbogbo síkúrù ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú eyín wọn. Yóò tò ó sí gbọ̀ngàn ìpàdé ní ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Nínú àwòrán tí a ó tẹ̀ sórí bébà, àga yẹn kò ní ju èékánná lọ, síbẹ̀ kọ̀ǹpútà ń ru gbogbo eyín síkúrù wọ̀nyẹn kiri láàárọ̀ lálẹ́.

Pláànù sọ́fèè tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì kàn wá nílé. Ọ̀pọ̀ awọnlẹ̀ ní Nàìjíríà ló ń kọ ipò òpó ààlà gẹ́gẹ́ bí ìlànà UTM, tó ń wọn bí ibì kan ṣe jìnnà sí àríwá tó láti ìlà tó pín ayé sí méjì. Ìyẹn ni pé ilẹ̀ kan ní Èkó jìnnà sí ìlà náà ní nǹkan bíi kìlómítà 700. Autodesk ní kí ohunkóhun tí a yà má ṣe kọjá kìlómítà 16 sí ojú òdo módẹ́ẹ̀lì, ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá gbé pláànù náà wọlé bó ṣe wà, ìlà á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìwọ̀n á máa ṣìnà díẹ̀díẹ̀, iṣẹ́ á sì máa wọ́. Kí ẹ gbé àárín pláànù sí àárín módẹ́ẹ̀lì ni ọ̀nà àbáyọ, lẹ́yìn náà kí ẹ wá sọ ipò rẹ̀ tòótọ́ lórí ilẹ̀ ayé fún un. Kí ẹ so pláànù náà mọ́ ọn láti ìta, kí ẹ má sì kó o wọnú fáìlì pátápátá, torí gbogbo ìlà àti oríṣi lẹ́tà tó bá bá a wọlé ni yóò di ẹrù.

Lẹ́yìn èyí ni ìkìlọ̀. Revit máa ń kìlọ̀ nígbà tí ògiri méjì bá gun ara wọn, tàbí tí ilẹ̀kùn méjì bá wà lójú kan náà. Kálukú á tì í pa, ìkìlọ̀ á sì ga di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí sọ́fítíwíà á máa yẹ̀ wọ́n wò léraléra. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìyára nìkan o. Ilẹ̀kùn méjì tó wà lójú kan náà yóò di méjì nínú tábìlì ìṣirò, kápẹ́ńtà á sì gba owó ilẹ̀kùn tí kò sí.

Níbi tí èèyàn ogún ti ń ṣiṣẹ́ lórí ilé kan, kálukú ní ẹ̀dà tirẹ̀, wọ́n á sì máa dá a padà sínú fáìlì àgbà. Ẹnìkan ṣoṣo ló lè dá tirẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Bí gbogbo wọn bá dúró di agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tò bí èrò ilé epo. Pípín ilé ńlá sí fáìlì mélòó kan, kí ti ẹni tó ń ya omi àti iná dá dúró, máa ń dín ìnira kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà tí ẹ bá fà yóò ní láti bá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé náà mu.

Nínú Revit 2026, Autodesk gbé ọ̀nà tuntun kan síta fún ìdánwò, tó ń jẹ́ kí káàdì àwòrán gba púpọ̀ nínú iṣẹ́ yíya ohun tí ojú ń rí. Ó dára, yíyí ilé po lójú kọ̀ǹpútà ti yá sí i. Ṣùgbọ́n ìṣirò ògiri àti yàrá kọ́ nìyẹn, ìṣirò yìí ló sì ń dá ni dúró jù. Àwọn ayàwòrán-ilé Ìlú Ọba tó kọ lẹ́tà yẹn kò purọ́.

Kí ẹ tó gbé owó sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tuntun, ẹ ṣí fáìlì òfìfo lórí èyí tó wà nílẹ̀. Bó bá yá, ẹ̀rọ yín kọ́ ló ṣàìsàn. Ẹ wò ó bóyá ojú-ewé kan ṣoṣo ló ń wọ́: ẹ pa òjìji rẹ̀, kí ẹ dín kúlẹ̀kúlẹ̀ tó ń fi hàn kù. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ ń dá ẹ̀dà padà nìkan ló ń wọ́, ẹ ké sí ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́kì. Bí kò bá sì sí èyí tó yanjú rẹ̀ nínú gbogbo ìwọ̀nyí, ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì náà, kí ẹ sì máa yọ ẹrù inú rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi rí èyí tó ń dá a dúró.