Ẹ ṣọ́ ọmọ yín létí òkun

Ẹ̀yin ìyá àti bàbá Àjàṣẹ́, bí ẹ bá kó ọmọ lọ sí òtẹ́ẹ̀lì etí òkun, ní Wídà tàbí Grand-Popo, bí ẹ tilẹ̀ san owó yàrá, oúnjẹ àti ọtí pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà lẹ ṣì máa ṣọ́ ọmọ yín lómi. (Bíà tí a ti sanwó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì máa ń dùn jù!)

Òkun wa kì í ṣe ọ̀sà. Omi tó ń padà lẹ́yìn ìgbì lè wọ́ àgbàlagbà lọ, ká má tíì sọ ti ọmọdé. Ẹni tó bá wọ́, kó má bá a jà. Kó léfòó, kó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí omi á fi tú u sílẹ̀, kó tó yà sí èbúté. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ má bẹ́ sómi. Ẹ ju bídọ̀n òfìfo tí a dé pa sí i, kó dì í mú.

Ọmọ tó ń rì kì í sábà pariwo, àní nínú omi ìwẹ̀ òtẹ́ẹ̀lì pàápàá. Ẹ yan àgbà kan tí kò ní mutí, tí kò ní wo fóònù, tọ́wọ́ rẹ̀ á máa tó ọmọ.