Háàdì Díráífù Alágbèéká: Bí A Ṣe Ń Ra Èyí Tó Máa Pẹ́, Tí Kò sì Gbówó Lórí

Ayafọ́tò tó ń yàwòrán ìgbéyàwó, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá, olórin tó ń gba ohùn sílẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì tó ń tọ́jú ìwàásù ọdún dé ọdún: kò sí èyí tí àyè inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní kún lọ́jọ́ kan. Bó bá ti kún, ọjà ló kàn, láti lọ wá háàdì díráífù alágbèéká. Ohun tí ẹni tó ń tà á máa kọ́kọ́ béèrè ni pé tẹ́rábáìtì mélòó lẹ fẹ́. Ìbéèrè yẹn dára, ṣùgbọ́n méjì wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: kí ló wà nínú nǹkan yìí, kí ló sì máa ń bà á jẹ́? Ẹni tó bá mọ èsì méjèèjì kò ní fowó ra ayédèrú, kò sì ní náwó sí ohun tí kò ní lò.

Oríṣi méjì ló wà

Èkíní ni HDD, èyí tó ti pẹ́ lọ́jà jù. Àwo pẹrẹsẹ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi èròjà onímágínẹ́ẹ̀tì bò lójú. Mọ́tò kékeré kan ló ń yí àwo náà; nínú ọ̀pọ̀ àwọn alágbèéká, ìgbà 5,400 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lókè àwo, orí tó wà ṣóńṣó apá yìí ló ń kọ nǹkan sílẹ̀, òun náà ló ń kà á. Orí yìí kì í fara kan àwo. Atẹ́gùn tí yíyí àwo náà ń dá sílẹ̀ ló gbé e dúró, àlàfo tó wà láàárín wọn kò sì ju nánómítà díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ nánómítà bí 80,000 ni irun orí èèyàn ẹyọ kan fi nípọn.

Ẹ ti rí ìdí tí kò fi yẹ kí HDD já bọ́, pàápàá nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ́ wáyà rẹ̀, tó sì bọ́ láti orí tábìlì, orí yẹn lè ha àwo. Ibi tó bá ti ha, ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Bó bá wà ní pípa, ewu rẹ̀ dín kù, torí pé orí náà ti kúrò lójú àwo.

Èkejì ni SSD. Kò sí àwo, kò sí mọ́tò, kò sí ohun tó ń yí nínú rẹ̀. Irú èròjà tó ń tọ́jú fọ́tò sínú fóònù yín ló wà níbẹ̀. Bó bá já bọ́ láti orí tábìlì, ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan má ṣe é. Ó tún yára. HDD alágbèéká máa ń kọ nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 100 sí 140 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. SSD alágbèéká lè kọ 500, òmíràn lè kọ 1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n tẹ́rábáìtì kan náà ti SSD wọ́n ju ti HDD lọ. Bákan náà, agbára iná tó há sínú rẹ̀ ló fi ń rántí nǹkan. Bí a bá jù ú sí àpótí fún ọ̀pọ̀ ọdún láìfi iná kàn án, agbára yẹn lè máa jò lọ díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, bó bá jẹ́ pé inú báàgì ni yóò máa gbé, tí ẹ ń gbé e gun ọ̀kadà, tí ẹ ń gbé e wọ danfo lójoojúmọ́, ẹ ra SSD, kódà bí kò bá tóbi. Bó bá jẹ́ pé ilé ni yóò jókòó sí láti máa tọ́jú nǹkan púpọ̀, HDD ni owó yín yóò ṣe lóore jù.

Ibi tó yẹ kí owó lọ

Ilé iṣẹ́ mẹ́ta péré ló kù láyé tó ń ṣe HDD: Seagate, Western Digital àti Toshiba. Orúkọ yòówù tí ẹ bá rí lára páálí, ọwọ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ni ohun tó wà nínú rẹ̀ ti jáde. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà nípọn wé náà kò yàtọ̀: rọ́bà yẹn ń gbà á lọ́wọ́ ìkọlù díẹ̀, ṣùgbọ́n àwo àti orí kan náà ló wà nínú. Bí àfikún owó rọ́bà bá pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Àpò kékeré tó ní fóòmù nínú yóò ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ náà.

Ibi tó yẹ kí ẹ tẹjú mọ́ ni ojú ihò tí wáyà ń wọ̀. Ihò fẹ̀ǹfẹ̀ pẹlẹbẹ tó wà lára ọ̀pọ̀ HDD alágbèéká máa ń tètè mì lẹ́nu, tí wáyà yóò máa yọ, tí yóò máa wọlé. Ihò USB-C dúró dáadáa jù ú lọ. Àwọn HDD kan wà tí wọ́n jó ihò wáyà pọ̀ mọ́ pátákó inú díráífù náà gan-an. Bí ihò irú bẹ́ẹ̀ bá ya, a kò lè yọ díráífù náà sínú ìkarahun mìíràn ká sì máa lò ó lọ.

Ohun kan tún wà tí olùtajà kì í sọ. Ọ̀pọ̀ HDD alágbèéká òde òní máa ń kọ ìlà ọ̀rọ̀ gun orí ara wọn díẹ̀, bí a ṣe ń to pánù òrùlé. Èyí ń jẹ́ kí àyè rẹ̀ pọ̀, òun ló sì ń jẹ́ kó dínwó. Ṣùgbọ́n láti pààrọ̀ pánù kan, a ní láti ká èyí tó gun ún kúrò. Ìdí nìyí tí irú díráífù bẹ́ẹ̀ fi ń wọ́ bí a bá da ẹrù púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dára fún ìpamọ́. Kò dára fún gígé fídíò lórí rẹ̀ tààrà.

Bí ẹ bá ra tẹ́rábáìtì 1, tí Windows sì ń fi gígábáìtì 931 hàn yín, kò sẹ́ni tó jí nǹkan yín. Ọ̀nà tí ilé iṣẹ́ fi ń kà á àti ọ̀nà tí Windows fi ń kà á ni kò dọ́gba.

Bí a ṣe ń dá ayédèrú mọ̀

Ẹ ó rí SSD tí wọ́n kọ tẹ́rábáìtì 16 sí lára, tí owó rẹ̀ kò tó ti tẹ́rábáìtì 1 gidi. Ẹ má rà á. Àwọn tó ti tú irú rẹ̀ wò bá káàdì fóònù kékeré nínú rẹ̀, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ pátákó. Wọ́n ti kọ́ ọ láti purọ́ ìwọ̀n rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Yóò máa gba gbogbo ohun tí ẹ bá dà sí i, yóò máa fi orúkọ wọn hàn, ṣùgbọ́n bí àyè rẹ̀ gidi bá ti kún, ìyókù kò sí mọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí fọ́tò ni àṣírí máa tú.

Ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí níbikíbi tí ẹ bá ti ń rà á, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín dání, ẹ sì ní ètò kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo lórí rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ki wáyà bọ̀ ọ́ níwájú olùtajà, kí ẹ wo ìlà mẹ́ta. “Power On Hours” ń sọ iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́: díráífù tuntun kò yẹ kó ju díẹ̀ lọ, bí ẹ bá bá ẹgbẹẹgbẹ̀rún níbẹ̀, tòkunbọ̀ tí wọ́n tún dì sínú páálí tuntun ni. “Reallocated Sectors Count” àti “Current Pending Sector Count” ń sọ ibi tó ti bàjẹ́ lójú àwo: lára HDD, òdo ni wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́.

Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì bá olùtajà ṣe àdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà. Bí ẹ bá délé, ẹ fi ètò H2testw, tí àwọn ará Jámánì ṣe, dán díráífù náà wò. Àwọn tó ń lo Mac tàbí Linux lè lo F3. Ètò náà yóò kọ nǹkan kún díráífù náà tán, yóò tún kà á padà. Ó lè gba wákàtí púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ayédèrú tó ń yè é.

Ẹyọ kan kò tó

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà jọ̀wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó fa wáyà yọ, ẹ má gbé HDD kiri bó bá ń yí, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Síbẹ̀, kò sí díráífù tí kì í kú, bó ti wù kó wọ́n tó. HDD míì máa ń kọ́kọ́ ró kẹ́kẹ́kẹ́ kó tó lọ. SSD lè dákẹ́ lójijì láìsọ nǹkan kan.

Peter Krogh, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ló jẹ́ kí òfin kan gbajúmọ̀ láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà ní ibòmíràn. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́. Nítorí náà, bí ẹ̀dà mẹ́ta kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ fi méjì bẹ̀rẹ̀: bí owó tó wà lọ́wọ́ yín bá tó ra díráífù ńlá kan, ẹ fi ra méjì tó mọ níwọ̀n. Ẹ da ohun kan náà sínú méjèèjì, kí ẹ tọ́jú ọ̀kan sílé, kí ẹ sì gbé èkejì fún ẹ̀gbọ́n tàbí ọ̀rẹ́ tí ẹ fọkàn tán ní àdúgbò mìíràn. Ẹ má dúró di ìgbà tí ọ̀kan bá bàjẹ́ kí ẹ tó ra èkejì.