Príńtà Tí A Rà Kí Ara Lè Tù Wá

Aago mẹ́wàá ààbọ̀ alẹ́ ti kọjá, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, ní ilé wa ní Sábọ̀n Gàrí, ní ìlú Kánò. Àkọ́bí wa ti rí àyè wọ yunifásítì. Aago méjìlá òru ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ pé àwọn máa ti ojú òpó tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ń fi ìwé ẹ̀rí wọn ránṣẹ́ sí. Ìwé mẹ́ta ló kù tí a kò tíì fi ránṣẹ́: ìwé ọjọ́ ìbí, èsì WAEC, àti ìwé ìjọba ìbílẹ̀ tí àbúrò wa kan bá wa gbà ní Ọ̀fà. Ọmọ tí a bí sí Kánò, tó ń sọ Haúsá bí ọmọ onílẹ̀, Ọ̀fà náà ni ìwé rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wá. Ìyẹn ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn.

Ọkàn wa balẹ̀. Ṣebí príńtà wà nílé, oníṣẹ́ mẹ́ta: ó ń tẹ ìwé, ó ń ṣe fọ́tókópì, ó ń sikáànù. A tẹ́ ìwé ọjọ́ ìbí sórí gíláàsì rẹ̀, a pa ìdérí dé, a tẹ bọ́tìnnì. Iná kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Ohun tó hàn lójú kọ̀ǹpútà ni pé yíǹkì aláwọ̀ ti tán, pé ká pààrọ̀ rẹ̀ kí iṣẹ́ tó lè tẹ̀síwájú.

“Dádì, ṣé yíǹkì ni wọ́n fi ń sikáànù ni?”

Kò sẹ́ni tó rí èsì fún un. A tún un tẹ̀, a pa á, a tàn án, a yọ okùn rẹ̀, a tún okùn náà kì bọ̀ ọ́. Kò yí padà. Yíǹkì ti tán, òun náà sì ti dáṣẹ́ sílẹ̀.

Ọdún 2020 la ra ẹ̀rọ náà. Ẹ ó rántí pé láti ìparí oṣù kẹta ọdún náà ni wọ́n ti ti àwọn ilé ìwé pa nítorí àrùn Kòrónà. Àwọn olùkọ́ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ọmọ mẹ́ta ń du fóònù méjì, ojú ń ro wọ́n, bátìrì ń kú. Bí a bá sì ní ká lọ tẹ̀ ẹ́ síta, ìlẹ̀kùn bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà náà wà ní títì. Nígbà tí ìjọba dẹ okùn díẹ̀, Beirut Road la gbà lọ, níbi tí àwọn oníkọ̀ǹpútà wà ní Kánò.

Ẹ̀rọ lésà la kọ́kọ́ béèrè. Ẹni tó ń tajà bi wá irú jẹnẹrétọ̀ tí a ní. A ní àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní “I pass my neighbour” ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹ̀rọ lésà máa ń gbóná kó tó tẹ ìwé, pé iná tó máa fà lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tó bá ń gbóná yóò pa jẹnẹrétọ̀ wa lẹ́nu mọ́. Òótọ́ ló sọ. Ó wá gbé oníyíǹkì jáde, tí iná tó ń lò kò ju ti gílóòbù kan lọ, tó kéré, tó ń dán, tí owó rẹ̀ sì rọ̀ débi pé a bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá tuntun ni. Ọkùnrin náà kò purọ́ kankan fún wa. Ohun tí a kò bi í ni kò sọ, ohun tí a kò sì bi í ni iye tí wọ́n ń ta yíǹkì.

Oṣù àkọ́kọ́ dùn púpọ̀. Iṣẹ́ ilé ìwé ń jáde wẹ́rẹ́, àwọn aládùúgbò ń rán ọmọ wá pé ká bá àwọn tẹ ojú ewé kan péré. Àbíkẹ́yìn wa tẹ àwòrán kìnnìún aláwọ̀ ní ìgbà mẹ́fà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹfà, dúdú ti ń ṣá. A kò mọ̀ nígbà náà pé káátíríìjì tó bá ẹ̀rọ wá látinú páálí kì í sábà kún tó èyí tí wọ́n ń tà lọ́tọ̀. Ìtọ́wò lásán ni. Nígbà tí a padà dé ọjà, owó dúdú àti aláwọ̀ pa pọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó tí a fi ra ẹ̀rọ náà.

Bí òwò náà ṣe rí nìyẹn káàkiri ayé. Ilé iṣẹ́ á ta ẹ̀rọ ní owó tí èrè rẹ̀ kò tó nǹkan, kí oníbàárà lè máa padà wá ra yíǹkì. Ó dà bí ẹni tó ta sítóòfù fún yín ní ọ̀pọ̀, tó wá jẹ́ pé kẹrosíìnì tirẹ̀ nìkan ló lè tan sítóòfù náà. Àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ rọ yíǹkì sínú káátíríìjì àlòkù wà ní ọjà, a sì gbìyànjú wọn. Ọ̀kan ṣiṣẹ́ dáadáa. Èkejì jò sórí tábìlì àti aṣọ ilé ìwé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó yíǹkì gan-an ló dùn wá jù. Ohun tó dùn wá ni pé púpọ̀ nínú yíǹkì tí a rà kò dé orí ìwé rárá.

Ẹni tó bá ti gbé Kánò mọ ọyẹ́ ibẹ̀. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, ètè ń bẹ́, igi àga ń là, aṣọ tí a sá láàárọ̀ ti gbẹ kí a tó jẹun tán. Afẹ́fẹ́ yẹn náà ló ń kọjá lẹ́nu àwọn ihò tí yíǹkì ń gbà jáde, ihò tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Nínú oríṣi bíi tiwa, iná mànàmáná ló ń mú yíǹkì gbóná lójijì títí ìhó kékeré kan yóò fi dìde, ìhó náà ló sì ń ti ẹ̀kán yíǹkì jáde sórí bébà. Bí yíǹkì bá ti gbẹ sẹ́nu ihò, kò sí ohun tí ìhó lè ṣe. Ìlà funfun yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gba àárín ọ̀rọ̀ kọjá. Pupa yóò sọnù, kìnnìún yóò di aláwọ̀ ewé.

Ìwé ìlànà ní ká fọ ẹnu rẹ̀, pé bọ́tìnnì wà fún un. A ń fọ̀ ọ́. Ó pẹ́ kí a tó mọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́: ẹ̀rọ náà máa ń fa yíǹkì gba inú àwọn ihò yẹn, á sì dà á sórí fóòmù kan tó wà nísàlẹ̀ inú ara rẹ̀. Yíǹkì náà ni omi ìfọṣọ rẹ̀. Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, a fọ̀ ọ́ ní ìgbà márùn-ún nítorí ojú ewé kan ṣoṣo. Àwa rò pé à ń tọ́jú ẹ̀rọ ni.

Malam kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe nítòsí wa ló là wá lójú. Ó ṣí ìdérí, ó fi ìka han ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún níbi tí rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà, ó ní, “Ilé rẹ̀ nìyí.” Bí ẹ̀rọ bá ti parí iṣẹ́, orí tó gbé káátíríìjì gbọ́dọ̀ padà síbẹ̀, kí rọ́bà lè bo ẹnu ihò kí atẹ́gùn má bàa débẹ̀. Ó wá bi wá bí a ṣe ń pa ẹ̀rọ náà. A ní láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì ni. Ó mi orí. Bí a bá gé iná lójijì, tàbí tí NEPA mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ibi tí orí náà dé ni yóò dúró sí, ẹnu rẹ̀ á sì là sílẹ̀ nínú ọyẹ́ títí iná yóò fi dé. Ní ilé tiwa, ìyẹn lè tó ọjọ́ mẹ́ta.

Láti ọjọ́ náà, bọ́tìnnì ara rẹ̀ la fi ń pa á, a ó sì dúró kí ìró inú rẹ̀ dákẹ́ kí a tó yọ okùn. Bí NEPA bá mú iná lọ nígbà tó ń tẹ̀wé, gbàrà tí iná bá dé la ó tàn án kí orí rẹ̀ lè wá ọ̀nà ilé lọ, a ó wá pa á bó ṣe yẹ. Malam tún kọ́ wa ní ọgbọ́n kan fún káátíríìjì tí ihò wà lára òun fúnra rẹ̀, bíi tiwa: ká fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ rin tíṣù, ká gbé ẹnu káátíríìjì náà lé e fún bí ìṣẹ́jú kan. Yíǹkì tó gbẹ á rọ̀, ẹ ó rí àmì rẹ̀ lórí tíṣù. Ẹ̀rọ tí ihò rẹ̀ kò sí lára káátíríìjì kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ má lọ bà á jẹ́ o.

Láàárín àkókò yìí, ẹnìkan nínú àwa méjèèjì ti ń kọ ìnáwó sínú ìwé. Láti oṣù kìn-ín-ní dé oṣù kẹwàá ọdún 2021, ojú ewé 214 la tẹ̀. Káátíríìjì mẹ́rin la rà, dúdú méjì, aláwọ̀ méjì, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦32,000. Ẹ pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦150 lórí ojú ewé kan, láì ka owó bébà àti epo jẹnẹrétọ̀ mọ́ ọn. Ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà tó wà ní ìkángun àdúgbò wa, ₦50 ni wọ́n ń gbà lórí ojú ewé dúdú kan nígbà náà. Alẹ́ ọjọ́ tí a ṣírò rẹ̀ kò dùn. Ẹnìkan ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. A ò ní sọ ẹni náà.

Ìṣirò yẹn ni kò jẹ́ ká tètè ra aláwọ̀ nígbà tó tán ní oṣù kejìlá. A ní dúdú ṣì wà, kí la fẹ́ fi aláwọ̀ ṣe? Báyìí la ṣe bá ara wa lálẹ́ ọjọ́ tí mo ń wí yìí… ẹ jọ̀ọ́, tí à ń wí yìí.

Ìdáhùn ìbéèrè ọmọ wa ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn kì í fi yíǹkì sikáànù. Iná kan ló ń rìn nísàlẹ̀ gíláàsì, ojú kan sì ń ka ìmọ́lẹ̀ tí ìwé dá padà. Kò sí ẹ̀kán yíǹkì kan nínú rẹ̀. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló pinnu pé bí apá kan bá ti dúró, kí gbogbo ara dúró. Kì í ṣe àwa nìkan ni irú èyí bí nínú: ní ọdún 2021, oníbàárà kan pe ilé iṣẹ́ Canon lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an, pé ẹ̀rọ tí wọ́n polówó pé ó ń sikáànù kọ̀ láti sikáànù nítorí pé yíǹkì tán. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà kò lè ràn wá lọ́wọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́ ní Kánò.

Ọmọ wa kejì, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ló bọ́ sí pálọ̀ wá wo ohun tó fa ariwo. Ó gba fóònù lọ́wọ́ màmá rẹ̀, ó ṣí Google Drive tó ti wà lórí rẹ̀ látọjọ́ tí a ti rà á, ó tẹ àmì ìròpọ̀, ó mú ibi tí wọ́n kọ “Scan” sí. Ó ní ká tẹ́ ìró dúdú kan sórí tábìlì kí etí ìwé lè hàn ketekete. Ẹnìkan di tọ́ọ̀ṣì mú lápá ọ̀tún, ẹnìkan lápá òsì, kí òjìji ọwọ́ má baà bọ́ sórí ìwé. Ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di PDF láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni ojú òpó sọ pé òun ti gbà wọ́n. “Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ ni?” Bó ṣe wí nìyẹn, ó sì padà lọ sùn.

Láti ìgbà náà ni àwọn ènìyàn ti ń bi wá irú èyí tí àwọn lè rà. Ìbéèrè la máa ń fi dá wọn lóhùn: ojú ewé mélòó lẹ ń tẹ̀ lóṣù? Bí kò bá ju ogún lọ, tí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sì wà nítòsí, ẹ fi owó yín pamọ́. Bó bá pọ̀, bí àpẹẹrẹ tí ẹ ń kọ́ ọmọ nílé tàbí ẹ ní ilé ìwé kékeré, ẹ wo àwọn tó ní tánkì, tí wọ́n ń da yíǹkì inú ìgò sí. Epson ti ń ta irú rẹ̀ láti ọdún 2010, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Indonéṣíà, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì ti ń ṣe é. Owó rẹ̀ wọ́n níbẹ̀rẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ni kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ihò tín-ín-rín wà lára òun náà, ọyẹ́ kì í sì í ṣojúsàájú. Fún ẹni tó ní iná tó dára, tí àwòrán aláwọ̀ kò sì ṣe pàtàkì fún, lésà dúdú ni kó rà: ìyẹ̀fun ni tónà rẹ̀, ó lè wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà láì gbẹ.

Tiwa ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ní pálọ̀, a fi aṣọ bò ó nítorí eruku. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àbíkẹ́yìn wa á tẹ àwòrán kékeré kan tó ní pupa, àwọ̀ ewé àti dúdú nínú, kí ihò má baà gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Nígbà tí a lọ sí Ọ̀fà fún ọ̀sẹ̀ méjì ní Kérésìmesì tó kọjá, ìlà funfun mẹ́rin la bá nígbà tí a dé.

Àkọ́bí wa wálé lóṣù tó kọjá pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nínú fóònù, ojú ewé mẹ́rìndínláàádọ́rin. Ó kí wa, ó mu omi, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kọjá láì wo ohun tó wà lórí rẹ̀, ó sì bèèrè bóyá bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ìkángun àdúgbò ṣì máa ń ṣí di aago mẹ́jọ.