Wọ́n kò fún yín ní físà: ṣé ọ̀nà ti dí ni?

Ẹ̀yin ará Tchaourou, bí Faransé bá kọ̀, tí kò fún yín ní físà, ìyẹn kò ní kí ẹ má lọ kí ẹbí yín ní Nàìjíríà, Tógò tàbí Gánà. Lọ́dún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO fọwọ́ sí àdéhùn pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì láìgba físà, kí ó lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Bó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, kí ó lọ gbàyè lọ́wọ́ ìjọba ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo o! Ẹ mú ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Ibi tí àwọn ọlọ́pàá ẹnubodè wà ni kí ẹ gbà. Ọ̀nà igbó yá lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ibẹ̀ wọlé, àdéhùn yẹn kò gbè é.