Ta Ló Ń Wa Ọkọ̀ Tó Balẹ̀ sí Máàsì?

Bí dírẹ́bà bá rí kòtò níwájú, yóò tẹ bíréèkì. Ṣùgbọ́n Perseverance, ọkọ̀ tí NASA ti Amẹ́ríkà rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Máàsì, kò ní dírẹ́bà. Ẹnikẹ́ni ò sì lè jókòó sáyé níbí kó máa darí ẹ̀ bó ṣe ń balẹ̀. Lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2021 tó dé ibẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ń lo bíi ìṣẹ́jú 11 lọ́nà kó tó kàn wá. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tó wọ afẹ́fẹ́ Máàsì títí tó fi balẹ̀, bíi ìṣẹ́jú 7 péré ni. (Ìlà oúnjẹ alẹ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ!) Kí wọ́n tó gbọ́ pé ó ti wọlé, ó ti balẹ̀ tàbí kó ti fọ́. Torí náà, wọ́n ní láti ro gbogbo ẹ̀ tán kó tó kúrò nílé.

Ibi tí yóò balẹ̀ sí gan-an ni wàhálà. Ilẹ̀ títẹ́jú ò léwu, àmọ́ kí ni wọ́n fẹ́ rí níbẹ̀? Jezero ló wù wọ́n, kòtò ràgàjì kan tó fẹ̀ tó kìlómítà 45. Odò ṣàn wọ inú rẹ̀ láyé àtijọ́, ó di adágún. Bí ohun ẹlẹ́mìí bá ti gbé Máàsì rí, ẹrẹ̀ ibẹ̀ lè tọ́jú àmì rẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àpáta àti iyanrìn ló kún ibẹ̀. Wọ́n ti rò ó wò tẹ́lẹ̀ rí, wọ́n ní ó léwu jù.

Kí ló wá yí padà? Wọ́n fún ọkọ̀ náà lójú. Ọkọ̀ mìíràn tó ń yí Máàsì po ti ya fọ́tò Jezero. Wọ́n fi ṣe máàpù, wọ́n sàmì sí ibi tó burú, wọ́n sì kó o sínú kọ̀ǹpútà Perseverance. Bó ṣe ń bọ̀ nílẹ̀ lábẹ́ párásúùtì, kámẹ́rà ń ya ilẹ̀, kọ̀ǹpútà ń fi wé máàpù, òun fúnra ẹ̀ ló sì mú ibi tó dára. Èmi o, èyí ló dùn mọ́ mi jù.

Párásúùtì nìkan ò tó, torí afẹ́fẹ́ Máàsì fẹ́lẹ́, bí ìdá 1 nínú 100 tiwa. Ẹ́ńjìnì 8 ló gbà á ṣe. Nígbà tó kù díẹ̀, okùn ni wọ́n fi sọ rọ́bọ́ọ̀tì náà kalẹ̀ bí ẹni ń sọ korobá sínú kànga, kí iná ẹ́ńjìnì má baà da eruku àti òkúta bò ó. Bí táyà ẹ̀ ṣe kanlẹ̀, okùn já kúrò, àwọn ẹ́ńjìnì náà sì fò lọ ṣubú sọ́nà jíjìn.